Múdù Mẹ́rin fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Bàbá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wọn sàká ìtúnu ààwẹ̀. Bó bá ti kírun Alásárì tán ní àìsùn ọdún, á wọ́ àpò ìrẹsì bọ́ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, á ká apá jalabíà sókè, á pe gbogbo wa jọ, á wá mú múdù onípáànù rẹ̀. Múdù mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n ni á máa sọ ẹni tó ni ín, á máa dà á sínú ọpọ́n tí wọ́n máa gbé lọ fún àwọn aláìní kí a tó kírun ọdún. Ọmọ tí wọ́n bá bí kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti kú ṣáájú kò ní. Alààyè nìkan ni wọ́n ń wọn sàká ìtúnu fún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nílé kéú, ọmọdé kankan ò sì ṣì í mọ̀ nínú agbo ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé, jẹ́ páílọ́ọ̀tì ológun. Bàálù tó ń ju bọ́ǹbù ló ń wà, ní Òkè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí jà. Tó bá gba ìsinmi wálé, kì í sọ nǹkan kan fún Bàbá àti Ìyá ju pé iṣẹ́ ń lọ. Èmi ló máa ń sọ fún, lójú fèrèsé òkè, lóhùn jẹ́jẹ́. Ó sọ fún mi nípa bàálù kan tó ń padà bọ̀ láti ojú ogun, tó ti rí pápá tó fẹ́ balẹ̀ sí, tó wá já lulẹ̀ lẹ́yìn odi níbẹ̀. Ó sọ nípa òmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tí èéfín yọ nídìí ẹ̀, tó já sínú oko ọkà àwọn ará abúlé. Ó ní tí ẹnì kan bá ti kú báyẹn, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á ṣófo títí wọ́n á fi gbé ẹlòmíràn wá, kò sì sẹ́ni tó máa ń wo apá ibẹ̀ tó bá ń kọjá.

"Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ jàre!" Mo jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n bí fún Nàìjíríà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnu ẹ yìí, òun gan-an ló yẹ ká gbé lọ sójú ogun."

Kí ó tó padà lọ, ó kó owó ìrẹsì fún Bàbá pé kí wọ́n máa bá òun wọn sàká tòun àti ti ìyàwó òun, torí òun ò mọ ibi tí ọdún máa bá òun. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe yìgì nígbà yẹn, wọn ò tíì bímọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó wa, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkòyí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Èmi tí mo ti kọ ọkọ sílẹ̀ tí mo kó ọmọ méjì padà wá sílé baba mi, òun ló gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ nínú bàálù, bàálù náà ò padà. Àwọn ọ̀gá ológun mẹ́ta ló wá bá wa nílé. Wọ́n ní ó já sínú igbó tí kò jìnnà sí pápá náà, ó sì gbaná. Wọ́n ti rí ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n ti sin ín. Wọn ò rí tiwa. Wọ́n ní igbó náà ò ṣeé pẹ́ sí, torí àwọn ọ̀tá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn gbà pé ó ti kú.

Bàbá ní, "Ṣé ẹ rí òkú rẹ̀?"

"A ò rí i, sà."

"Ó tán. Ọmọ mi ń bọ̀."

Inú bí mi sí àwọn ọ̀gá náà débi pé omi tí mo gbé bọ̀ fún wọn, mo gbé e padà. Kí lẹ wá jókòó sọ nígbà tẹ́ ò rí i?

Lọ́dún yẹn, Bàbá wọn sàká. Ó wọn tirẹ̀, ó wọn ti Ìyá, ó wọn tèmi àtàwọn ọmọ mi. Ó wá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì wọn múdù mẹ́rin, ó kún dẹ́nu, ó fi ti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá ní, "Àmín, àmín." Inú mi dùn. Lọ́dún kejì, ó tún wọ̀n ọ́n. Lọ́dún kẹta, mo wo ojú ìyàwó wa bí ìrẹsì yẹn ṣe ń dà, ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Tí wọ́n bá ń wọn sàká ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà láàyè nìyẹn. Tó bá wà láàyè, ìyàwó ilé ni. Kò lè jókòó opó, kò lè fẹ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń wọlé tọ̀ ọ́. Ọjọ́ orí ń lọ.

Obìnrin kan ní òpópónà Adéníji Adélé sọ lójú mi pé ìyàwó páílọ́ọ̀tì tún ti ń kun àtíkè lọ sí Ìkòyí. Mo ní kó lọ ra tiẹ̀ kun, bóyá ọkọ rẹ̀ á máa sùn sílé.

Bàbá ìyàwó wa fúnra wọn wá láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní, "Alájì, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ṣé ìyàwó lọmọ wa àbí opó?"

"Ìyàwó ni," ni Bàbá dáhùn.

Lèmọ́mù àdúgbò wa náà bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n wá sọ fún ìyàwó wa pé ọdún tí ẹ̀sìn ní kó dúró ti pé, ó lè lọ bá àwọn kádì, adájọ́ ẹ̀sìn, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ. Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò ní gba kóòtù lọ pa ọmọ Bàbá lójú wọn. Ọjọ́ tí Bàbá bá ní ó kú, ó kú nìyẹn."

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí ni rédíò sọ pé bàálù mìíràn tún já nítòsí pápá yẹn kan náà. Ọmọ Agége wà lára àwọn tó kú. Wọ́n rí òkú tirẹ̀, wọ́n gbé e wálé. Bàbá ní òun fẹ́ lọ kí bàbá rẹ̀, mo bá wọn lọ. Ọkùnrin náà kéré sí Bàbá dáadáa. Ó di ọwọ́ Bàbá mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Alájì, wọ́n ní tiyín ṣáájú tèmi. Níbo lẹ sin ín sí, sà?"

Mo ń retí kí Bàbá sọ pé ọmọ òun ń bọ̀. Kò sẹ́ni tí kò tíì sọ ọ́ fún. Bàbá fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ dúpẹ́," ó ní. "Ẹ dúpẹ́ tí ẹ rí i sin."

Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàbá ṣe títí ó fi dàgbà, kò sì sí ìgbà tá a máa gba Pópó Àgùdà kọjá tí kò ní nawọ́ sí fèrèsé tó tún ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, kò wòkè títí a fi délé.

Nígbà tí àìsùn ọdún dé, ó wọ́ àpò ìrẹsì jáde, ó pè wá jọ. Ó wọn tirẹ̀. Ó wọn ti Ìyá. Ó wọn tèmi àti tàwọn ọmọ mi. Ó tún bu múdù kan, ó gbé e sókè, a ń retí orúkọ. Orúkọ ò jáde. Ó rọra da ìrẹsì náà padà sínú àpò.

"Háà!" Ìyá ní. "Ẹ ti yọ ọmọ mi?"

"Mo ti fi í fún Ẹni tó ni ín. Inná lílláhì."

Ìyá fi ìborùn bojú. Èmi náà ń sunkún, mi ò pa á mọ́ra. Ìgbà náà la gbọ́ ohùn ìyàwó wa. Ó ti kúnlẹ̀.

"Bàbá, tèmi ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa wọn tirẹ̀. Ọkọ náà ni wọ́n sì yọ yìí. Bàbá bu ìrẹsì kún múdù, ó dà á sí ọpọ́n.

"Ti ọmọ mi obìnrin," ó ní. Ó wọ̀n ọ́n títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé. Ó wá kọjú sí i. "Lọ jókòó opó ọkọ ẹ, ọmọ mi. Tó bá parí, ilé rẹ nìyí. Èmi ni n ó máa wọn tìrẹ, títí ẹni tó máa fẹ́ ọ á fi wá sọ fún mi pé ó ti kan òun."

Láti ọjọ́ táwọn ọ̀gá ológun ti wá, a ò rí omi lójú ìyàwó wa rí. Ó dojú bolẹ̀ síbi tó kúnlẹ̀ sí, ó bú sẹ́kún. Ẹkún opó ni. A jẹ́ kó sun ún.