Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Báńkì Wa Fẹ́ Kógbá Sílé

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní báńkì náà, ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ọ̀jọ́ ni gbogbo ẹ̀ka wa. Àwọn ayálégbé ṣì ń gbé òkè, òórùn ẹja tí wọ́n ń dín a sì máa bá wa nídìí kántà. Báńkì tuntun ni wá, lásìkò tí kò sí oṣù tí a kì í gbọ́ orúkọ báńkì tuntun mìíràn.

Iṣẹ́ tí máníjà gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Àlàbá, kí n máa rọ àwọn oníṣòwò kí wọ́n wá ṣí àkáǹtì. Àwọn kan á fún mi ní àga. Àwọn mìíràn á ní kí n má dí ojú ọjà àwọn. Ìyá kan wà níbẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, tó ń ta fáànù. Ó sọ fún mi pé báńkì tí òun ń lò tẹ́lẹ̀ ti tilẹ̀kùn mọ́ owó òun, inú yàrá lòun ń tọ́jú tòun sí báyìí. Mo ń padà lọ ṣáá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló yí i lọ́kàn padà. Òjò ńlá ló rọ̀ lọ́jọ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, omi wọ ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ bàtà, mo bá a gbé àwọn páálí fáànù sórí tábìlì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá ṣí àkáǹtì, ó sì mú aládùúgbò rẹ̀ kan dání, ọmọ Íbò tó ń ta tẹlifíṣọ̀n.

Kò pẹ́ tí àwọn báńkì bíi tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀rọ̀ tàn ká Àlàbá pé àwa ló kàn. Kí a tó ṣílẹ̀kùn, èrò ti kún dé etí títì Àgbádárìgì. Máníjà wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ará Abẹ́òkúta, ní kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀kùn, kí a san fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́. Ó kó àga jáde fún àwọn àgbà, òun fúnra rẹ̀ dúró sínú oòrùn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní Yorùbá àti ní píjìnì. 

Nígbà tó kan ìyá oní-fáànù, ó tẹjú mọ́ mi.

“Ìwọ ńkọ́, níbo ni owó oṣù tìẹ wà?”

“Ibí náà ni, mà. Mi ò lè ṣèlérí ọ̀la fún yín, ṣùgbọ́n ibí ló wà.”

Ó mirí. Ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ pátá. Ó dùn mí débi pé mi ò lè wò ó bó ṣe ń lọ.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ kan gbé owó dé láti olú ilé iṣẹ́ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Owó ò tán. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, èrò ti fọ́n ká, ojú sì ń ti àwọn kan láti kí wa.

Ìyá náà padà wá pẹ̀lú owó rẹ̀. Mo rọra bi í pé kí ló dé tó fi gba owó náà, tó sì tún wá ń dá a padà.

Ó ní, “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa fún mi ni. Àwọn ti àkọ́kọ́ ò fún mi.”

Láti ìgbà náà, mi ò rìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Àlàbá. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn ló ń mú ara wọn wá. A kọ́ ilé tiwa sí Okokomaiko, a ṣí ẹ̀ka sí Ìbà, lẹ́yìn náà orúkọ wa kàn dé Òkè Ọya.

Nígbà tí máníjà fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo bi í bóyá ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọkọ̀ owó ń bọ̀.

“Mi ò mọ̀,” ni ó sọ. “Ohun tí mo mọ̀ ni pé tá a bá ti ilẹ̀kùn yẹn, a ò ní rí i ṣí mọ́.”