Òógùn Bàbá Lójú Aago

Bí aago ọwọ́ bá ń dán, ara mi kì í balẹ̀ àfi ìgbà tí mo bá sọ ọ́ di arúgbó. Èmi ni mo máa ń ṣa àwọn aago tó ti kú rà lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, tí màá gbé wọn lọ sí yàrá mi ní Ìpọ̀nrí, tí màá fi ẹ̀rọ mìíràn sínú wọn. Màá fi tíì tó nípọn kun ojú aago náà kó lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, màá fi abẹ́rẹ́ ha gíláàsì rẹ̀. Okùn rẹ̀ ńkọ́? Awọ ìjókòó mọ́tò ni, ọjà Ládìpọ̀ ni mo ti ń rà á. Tí mo bá ṣe é tán, màá ha àmì tèmi sínú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, bí àwọn tó ń tún aago ṣe ti máa ń ṣe. Àmì tèmi ni ẹja kékeré kan. Ẹ má bi mí ìdí tó fi jẹ́ ẹja. Èyí tó bá sú mi, àwọn tó ń tajà ní Yábàá á bá mi tà á.

Lọ́jọ́ tí mo lọ fi ara mi han bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ní Súrùlérè, ẹ̀rù bà mí gan-an. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, wọ́n sì máa ń wo ènìyàn bí ẹni ń máàkì ìwé. Ẹnu wọn ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ wà. Ọmọ wọn ti kìlọ̀ fún mi pé ohun tí wọ́n kórìíra jù láyé ni irọ́.

N kò tíì mu mínírà tí wọ́n gbé fún mi dé ìdajì tí wọ́n fi bọ́ aago ọwọ́ wọn.

"Wọ́n ní o mọ aago. Wo èyí fún mi. Bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi."

Kí wọ́n lè mọ̀ pé mo mọṣẹ́, mo fa ọ̀bẹ kékeré yọ, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹja mi ń wò mí.

Mo pa á dé kíá. "Ọ̀ríjínà ni, sà. Irú ẹ̀ ò sí mọ́."

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, gba aago náà lọ́wọ́ mi. "Ẹ wá wo òógùn Bàbá mi!" Àbàwọ́n tíì ni Àǹtí fìka kàn. "Ibi tó ha yìí, ọjọ́ tí wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni." Abẹ́rẹ́ mi ni. Àǹtí gbé okùn rẹ̀ símú, omi bọ́ lójú wọn. "Òórùn Bàbá mi nìyí!" Ìjókòó mọ́tò ni wọ́n ń gbóòórùn. Ká má parọ́, omi lé sójú èmi náà. N kò rí bàbá àgbà yẹn rí láyé mi, àmọ́ àárò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, bàbá ọmọbìnrin náà sìn mí dé géètì.

"Irọ́ lo pa," ni wọ́n sọ fún mi.

Wọ́n gbé ọwọ́ tí aago náà wà sókè.

"Aago bàbá mi ti sọnù lọ́wọ́ mi tipẹ́. Yábàá ni mo ti ra èyí kí Àǹtí má baà pa mí. O rí i pé ayédèrú ni, o sì wo ojú mi, o parọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fa ọmọ mi lé ẹ lọ́wọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sídìí géètì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi gan-an ni mo ṣe aago yẹn. Tíì ni òógùn náà."

Wọ́n wo aago, wọ́n wò mí.

"Ìwọ? Èmi náà ti sunkún lé e lórí rí, o mọ̀?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Padà wọlé, kí o lọ sọ òtítọ́. Tí o bá ti sọ tìẹ, èmi náà á sọ tèmi."

A wọlé. Mo tú gbogbo rẹ̀ síta níwájú Àǹtí àti ọmọbìnrin náà: tíì, abẹ́rẹ́, awọ Ládìpọ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn aago, mo fi ẹja hàn wọ́n.

"Rọ́bíìṣì!" Àǹtí fò dìde. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ fi òógùn bàbá tó bí mi hàn mí? Ẹja? Ṣebí ẹja ni Bàbá wa fẹ́ràn ju ẹran lọ!" Wọ́n kọjú sí àbúrò wọn. "Ṣé òpùrọ́ yìí lo fẹ́ fún lọ́mọ?"

Mo wo bàbá náà. Ó ti kàn wọ́n láti sọ tiwọn. Wọ́n ti gba aago náà, wọ́n ń fìka yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn ò gbójú sókè. Ọmọ wọn ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Inú bí mi débi pé etí mi gbóná.

"Dádì," ni mo wí.

"Bẹ ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n dá mi lóhùn.

Mo ṣáà fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Mo nà gbalaja sórí táìlì, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa, pé aago Bàbá ni, pé òógùn Bàbá ni. Àǹtí ní kí n tún un sọ, kí n sọ ọ́ síta. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó forí jì mí, tí wọ́n ní kí n dìde wá jẹun.

Bàbá ìyàwó mi ló fà mí dìde. "Ọmọ dáadáa ni, Àǹtí," ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń gbọn aṣọ mi nù. "Kò kàn mọ irọ́ pa ni."