Ilẹ̀ Tó Ń Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Ọjọ́ tí Àlàájì Múkáílà sọ fún mi pé a máa lọ fi omi gbígbóná sábẹ́ ilẹ̀ ilé kan, mo rò pé oòrùn Mẹ́kà ti ń ṣe wọ́n. Púlọ́ńbà ni mí ní Jẹ́dà, Karantínà ni mò ń gbé, ooru sì ni ọ̀tá mi lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ omi tútù níbẹ̀ lè bó èèyàn lọ́wọ́, nítorí orí òrùlé ni táǹkì ń wà tí oòrùn ń sè é. Bí mo ṣe máa wé páìpù kí ooru má ráyè wọlé ni mo mọ̀. Ta ló tún wá ń wá ooru kiri?

Àlàájì, tí wọ́n ń gbé ní Nakasá ní Mẹ́kà, tí wọ́n sì ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí kí n tó dé, kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣáà mú súwẹ́tà dání.”

Orí òkè Ṣáfà ni ilé náà wà, téèyàn bá ti gba Mẹ́kà kọjá, láàárín oko álímọ́ńdì àti ọ̀pọ̀tọ́. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Káálà ló ni ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá tó ìyá ẹni lọ́hùn-ún. Opó ni wọ́n, orúnkún wọn sì máa ń le gbagidi tí ọyẹ́ bá dé. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Jẹ́dà, ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ilé náà ò bá ṣe é gbé lọ́dún náà, òun máa kó wọn wá sọ́dọ̀ òun. Káálà ò fẹ́. Ọkọ wọn ló kọ́ ilé náà, àwọn fúnra wọn ló sì ń rẹ́ ẹ̀ka àwọn igi yẹn.

A gbé àdògán onírin ńlá kan sí pálọ̀. Ó ní ilẹ̀kùn, omi sì yí iná inú rẹ̀ ká. Bí igi bá ń jó, omi á gbóná, á lọ sínú táǹkì. Fáàfù kan ló wá ń po omi yẹn mọ́ èyí tó ti tutù, kó tó gba inú páìpù kọjá lábẹ́ táìlì. Àlàájì to páìpù yẹn bí ẹni ń dirun fún ìyàwó, kò sí ibi tó ká kò. Mo kàn dúró tí mò ń wò wọ́n ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, ọmọ Káálà ti dé. Káálà ní àwọn làwọn máa dá iná ilé àwọn. Wọ́n ki igi álímọ́ńdì sínú àdògán bámúbámú. Àlàájì, tí wọ́n fẹ́ kí inú ìyá dùn, ti ṣí fáàfù gbayawu. Nígbà tí ooru dé ilẹ̀, Káálà bọ́ bàtà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé táìlì, ni wọ́n bá fò padà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ wọn fọwọ́ kàn án, ó sì yọ ọ́ kíá.

Ó ní, “Yúmà, ìyá mi, ẹ lọ di ẹrù yín. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ sínú ilé tó ń jóni lẹ́sẹ̀.”

Káálà jókòó, wọ́n ń wo àwọn igi wọn lójú fèrèsé. Àánú wọn ṣe mí dọ́kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìyá mi fi pè mí láti Ìsẹ́yìn.

Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ n pè yín padà. Ilẹ̀ ló gbóná fún wa níbí.”

“Kí ló gbóná?”

“Ilẹ̀ ni, mọ́mì. Àwa la mú un gbóná.”

Mo ti gbàgbé pátápátá pé ilẹ̀ gbígbóná ni àwọn àgbà ilé wa fi ń pe ṣọ̀pọ̀nná, tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ. Ohun tí ìyá mi gbọ́ ni pé ọmọ àwọn ti ń fi àrùn tọrẹ.

“Ràṣídì, má tún jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Tó o bá fẹ́ tọ́jú àgbàlagbà, jẹ́ kí ilẹ̀ wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi tá a fi ń wẹ ọmọ tuntun.”

Ohùn ìyá mi ń jáde látinú fóònù, Àlàájì sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Omi ọmọ tuntun,” ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde lọ dín fáàfù kù. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páìpù, wọ́n ń dín in díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abiyamọ ṣe ń tọ́ omi wò. Mo bẹ ọmọ Káálà pé kó ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ìrun Aláàsárì tó, Káálà ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kírun lórí táìlì lásán. Wọ́n pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ débi pé ọmọ wọn dìde dúró. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọn ò tíì dìde nílẹ̀ tí wọ́n fi bi wá pé, “Kí lẹ ń pe èyí lédè yín?”

Àlàájì ní, “Wọ́ọ́rọ́.”

Káálà pè é wò títí ó fi dán lẹ́nu wọn. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn. “Ìwọ máa lọ sí Jẹ́dà ẹ. Èmi wà ní wọ́ọ́rọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Àtìgbà náà, ẹni yòówù tí mo bá kọ́ ní iṣẹ́ yìí, n kì í jẹ́ kó sọ pé ilẹ̀ ń gbóná. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá sì ti dé orí òkè, fóònù mi á dún ní Karantínà, níbi tí mo ti ń làágùn. Káálà kì í kí mi lọ títí. “Wọ́ọ́rọ́,” ni wọ́n á wí, wọ́n á sì pa fóònù. Èmi náà á wá pe Ìsẹ́yìn, kí n lè sọ fún ìyá mi pé ìyá náà ṣì wà nínú ilé wọn.