Ohùn Màmá Àgbà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Oníṣẹ́jú Ọgọ́ta

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bùkọ́lá ọmọ mi gbé sídì méjì síwájú mi lórí tábìlì, nílé wa ní Ọ̀mù-Àrán. Ojú lásán kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ènìyàn bá ti kọ nǹkan sí ọ̀kan, ó parí nìyẹn, kò ṣe é pa rẹ́ mọ́. Èkejì ṣe é pa rẹ́, ó sì ṣe é tún kọ, bíi síléètì ilé ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó ohùn ìyá bàbá mi kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, ó ní kí n mú èyí tí mo bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló fà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Aràndún ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ìyá náà sì ti kú. Ìyá Ọ̀mù ni gbogbo wọn ń pè é. Mo ní kí wọ́n dá mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ dúró ná, títí mo fi máa mọ̀ bóyá ilé bàbá mi ni obìnrin náà ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ kan náà kì í fẹ́ra.

Mo ṣí agolo mílíìkì tí kásẹ́ẹ̀tì náà ń gbé. Òórùn káńfọ̀ kún yàrá, mo sì rántí bàbá mi.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni bàbá mi. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí àwọn ará ilé wa láti Èkó ń gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wálé lọ́dọọdún, lẹ́tà kíkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sú àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó yóò jókòó ti rédíò, yóò sọ̀rọ̀, yóò wúkọ́, yóò bá ewúrẹ́ tó ń jẹ èlùbọ́ rẹ̀ jà láàárín, yóò sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán awakọ̀. Ẹni tó gbà á yóò gbọ́ ọ tán, yóò gbohùn tirẹ̀ lé e, yóò sì dá a padà. Bí ohùn kan ṣe ń pa òmíràn rẹ́ nìyẹn. Bàbá mi kò fẹ́ irú èyí. Ohun tó ń kó o láyà sókè ni pé àwọn ọmọ ilé wa ti ń fọ́n ká, pé lọ́jọ́ kan ẹbí yóò pàdé ẹbí nílùú onílùú, wọn yóò sì fẹ́ ara wọn láìmọ̀. Màmá Àgbà, ìyá rẹ̀, nìkan ló mọ gbogbo ọmọbìnrin tó ti ilé wa lọ sílé ọkọ, àti ibi tí oníkálukú lọ.

Ó mú mi dání lọ sí Ìlọrin láti ra kásẹ́ẹ̀tì. Oríṣi mẹ́ta ló wà: ti ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ti àádọ́rùn-ún, àti ti ọgọ́fà. Ọlọ́jà ní kó mú ti ọgọ́fà, pé òun ló gba ọ̀rọ̀ jù. Bàbá mi fi ìka kan okùn inú rẹ̀.

“Ó ti fẹ́lẹ́ jù. Rédíò á jẹ ẹ́.”

“Bàbá, ẹ bọ́ rédíò yín yó, kò ní jẹ kásẹ́ẹ̀tì.”

Ti ọgọ́ta la mú, nítorí òun ni okùn rẹ̀ nípọn jù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi la gbohùn náà, lẹ́yìn ìsìn. Bàbá mi kó bátìrì tuntun sí rédíò. Ó lé adìẹ jáde, ó lé àwa ọmọdé náà, ṣùgbọ́n èmi dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé lọ sí Ìgbàjà, ó bí mẹ́rin. Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí Òrò. Adúmáradán lọ sí Aràndún, ó bí mẹ́ta.

Bàbá mi pa rédíò. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wọn gan-an ni kẹ́ ẹ pè.”

“Kí n la ẹnu mi pe ọmọ ọkọ mi lórúkọ? Àwọn tí mo bá nílé? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní wọn ò kọ́ mi nílé ni?”

“Rédíò lẹ ń bá sọ̀rọ̀, Màmá.”

“Ṣé rédíò ò létí ni?”

Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá fún un ni yóò máa pè é. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó tan rédíò padà. Nígbà náà kò sí àgbà kan nílé tí kò mọ ẹni tí Akọ̀wé jẹ́, nítorí náà kò rí ìdí tí yóò fi bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Nígbà tí wọ́n parí, ó fi ọ̀bẹ ṣẹ́ etí kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí rédíò má baà lè gba ohùn mìíràn lé e.

Ó ṣe é re. Nígbà tí ìlú le, tí kásẹ́ẹ̀tì tuntun wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ ilé gba orin ìjọ lé ohùn àwọn òkú wọn. Tiwa kò ṣe é gbà lé. Màmá Àgbà lọ, bàbá mi náà lọ, kásẹ́ẹ̀tì dúró.

A fi í sí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá náà. Ohùn Màmá Àgbà jáde kedere, bíi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà. Adúmáradán lọ sí Aràndún, ó bí mẹ́ta.

“Mọ́mì, ta ni Adúmáradán?” ni Bùkọ́lá bi mí.

Mi ò mọ̀. Okùn kò já, ọ̀rọ̀ kankan kò sọnù, síbẹ̀ ohun tí a ń wá kò sí níbẹ̀.

Mo wọkọ̀ lọ sí Òrò lọ́jọ́ kejì, lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó kù láyé. Ọmọ bíbí ilé wa ni, ẹnu rẹ̀ gbà á láti pe orúkọ. Kò tilẹ̀ rò ó. “Adúmáradán? Ìbídùn nìyẹn. Ó dúdú, ó ń dán.” Nígbà tí a wá bi bàbá ọmọkùnrin náà, ó ní Adéọtí ni ìyá òun ń jẹ́, kì í ṣe Ìbídùn. Agbolé mìíràn ló ti wá nìyẹn. Mo mí kanlẹ̀. Wọ́n ti tún mú ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, mo sì ń rò ó pé ká ní mo fi falẹ̀ ni ńkọ́.

Sídì tí kò ṣe é pa rẹ́ ni mo mú. Bùkọ́lá ní kí èmi náà sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ti Màmá Àgbà, kí n to orúkọ àwọn ẹbí ọkọ mi, nítorí àwọn ọmọ tí òun náà yóò bí. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, Bùkọ́lá ní ó ti ń gbohùn, mo la ẹnu.

“Òpéléńgẹ́ wà ní Ìgbàjà, ó bí méjì. Ọkọ-Mi-Kékeré...”

“Mọ́mì! Ẹ̀yin náà!”

Ohùn kì í gba ọwọ́ awakọ̀ lọ sí Èkó mọ́. Àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ń pe àbúrò ọkọ wọn lórúkọ gbangba, ilé kò sì wó. Èmi gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ahọ́n mi kọ̀. Mo wá ní kó fún mi ní bírò. Mo mú ìwé inú páálí sídì náà, mo kọ Òpéléńgẹ́, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí mo fi kan gbogbo wọn. Ẹnu ni wọ́n dè fún ìyàwó ilé. Mi ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n de ọwọ́ rẹ̀.