Ẹ Wá Bá Mi Jẹ Kúrọ́mbù

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Yorùbá kì í pe ènìyàn wá jẹun kí onítọ̀hún wá. Ẹni tó ń jẹun á ní, "Ẹ wá jẹun o." Ẹni tó ń kọjá á ní, "Á gba ibi ire." Ó parí. Onílé ti ṣe ojúṣe rẹ̀, ẹni tó ń kọjá ti ṣe tirẹ̀, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá pè báyìí, tó wá lọ fọ ọwọ́, tó fa àga, tó jókòó ti abọ́, wọn ò ní lé e. Ṣùgbọ́n kó tó délé, ìròyìn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Mummy Jeffrey mọ èyí ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Judith Ọláníyan lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ sísè ló sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́ gírámà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró níwájú kíláàsì tí á ní, "Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá jẹun, kí lẹ máa sọ?" Gbogbo wọn á sì ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Á gba ibi ire, mà!" Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀kan ló ṣe é lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìdánìkanwà ni.

Ilé ńlá ni ilé tó ń gbé ní Magodo, nílùú Èkó. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ, díẹ̀ díẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì háyà yàrá ní Kétu, nínú ilé kan tí gbogbo ayálégbé ti ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ní Kétu ọ̀hún, Mummy Jeffrey kò ní ófùn. Ìkòkò irin ló máa ń da yanrìn sí, tí á gbé e ka orí èédú, tí á wá gbé abọ́ kúrọ́mbù rẹ̀ sínú yanrìn gbígbóná náà, tí á dé e. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ kúrọ́mbù, èso ni, tí wọ́n gé sínú abọ́, tí wọ́n da fúláwà tí wọ́n ti fi bọ́tà àti ṣúgà ra bò ó lórí, tí wọ́n wá yan án títí òkè rẹ̀ á fi pọ́n, tí á ṣeé rún wómúwómú lẹ́nu. Òyìnbó ń fi ápù ṣe é. Mángòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni Mummy Jeffrey ń lò, nítorí ohun tó wà lọ́jà nìyẹn. Bí òórùn ṣúgà náà bá ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kò sí pé à ń pe ẹnikẹ́ni. Ọmọ ilé, àgbà ilé, gbogbo wọn á ti yọjú. "Ìyá Jeffrey, kí lẹ ń yan tó ń ta sánsán báyìí?" Kò tíì tutù tí wọ́n á ti fi ìka ha ìdí abọ́.

Wọ́n kó dé Magodo tán, ófùn dé. Ófùn tó mọ́ fónífóní, tó ní iná nínú. Ògiri wà, géètì wà, mẹ́gáàdì wà lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan kú. Jeffrey, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì ti wà ní Kánádà. Ó ku òun nìkan. Búrẹ́dì tó bá rà á máa hu funfun kó tó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Rédíò wà ní títàn nínú ilé ìdáná láti àárọ̀, kì í ṣe pé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ohùn ènìyàn ṣáà máa dún ni. Ó ti sọ fún Yúnúsà mẹ́gáàdì rẹ̀ rí pé kó wá jókòó sí tábìlì kí àwọn jọ jẹun. Yúnúsà rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ọwọ́ gbá itan. "Walahi, Mama, ẹ máa pa mí lẹ́rìn-ín." Ó gba abọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó lọ jẹ ẹ́ ní ẹnu géètì. Ènìyàn laṣọ mi, ni àwọn àgbà wí. Aṣọ ọ̀hún ti gbó mọ́ Mummy Jeffrey lára.

Ìgbà náà ni Yẹ́misí, tí wọ́n ń pè ní Mummy Success, àti ọkọ rẹ̀ Elkanah kó wá sí ilé tó kọjú sí tirẹ̀. Obìnrin dáadáa ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, á jáde ní ìdájí, á wọlé pẹ̀lú òkùnkùn, ṣùgbọ́n bó bá ti rí Mummy Jeffrey, á kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo súùtù ọrùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n pàdé lẹ́nu géètì. Yẹ́misí ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Mummy Jeffrey kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

"Mo fẹ́ ṣe kúrọ́mbù mángòrò ní Sátidé," ó ní. "Ẹ wá bá mi jẹ ẹ́ o."

"Kúrọ́mbù kẹ̀!" Yẹ́misí fi ọwọ́ lé àyà. "Háà, Mummy! Àwa ti dé náà nìyẹn!"

Ó wọ mọ́tò, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin ará, ta ni kò mọ ìtumọ̀ "àwa ti dé náà nìyẹn"? Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà àtisọ pé a ò ní wá nìyẹn, lọ́nà tí kò ní dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Mummy Jeffrey wọlé, ó jókòó, ó ń yí gbólóhùn náà po lẹ́nu bí ẹni tó ń lá súwíìtì. Ó ní "kẹ̀". Ènìyàn kì í ṣe "kẹ̀" sí ohun tí kò bá wù ú. Ó sì ní àwọn ti dé. Àbí kò sọ bẹ́ẹ̀ ni? Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó pe Jeffrey lórí fóònù.

"Mo ní àlejò ní Sátidé," ó ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mummy. Ta ni?"

"Mummy Success, ará iwájú wa. Kúrọ́mbù ni mo fẹ́ ṣe."

"Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Mummy. Mò ń wa mọ́tò lọ́wọ́. Màá pè yín padà."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó lọ sí Mile 12. Karimot, oníbàárà rẹ̀ tó ń ta èso, na ọwọ́ mú mángòrò méjì kó fi sí ọ̀rá fún un bí ìṣe rẹ̀. Mummy Jeffrey ní kó dúró. Ó ń yan mángòrò, ó ń gbọ́ òórùn ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú agbọ̀n, títí agbọ̀n fi kún. Ó tún ní kó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan tì í.

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í rà ju ẹyọ kan sí méjì lọ!" Karimot la ẹnu. "Mummy, ṣé àlejò lẹ ní ni?"

"Àlejò ń bọ̀ nílé mi lọ́la," ó dáhùn. Ó sọ ọ́ sókè, kí obìnrin tó ń ta ìbẹ́pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè gbọ́.

"Ẹ gba èyí ṣe ènì. Kí àlejò yín jẹ àjẹyó." Karimot ju mángòrò kan lé agbọ̀n. Mummy Jeffrey ń rẹ́rìn-ín délé.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ó bó èso, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú abọ́, ó wọ́n atalẹ̀ lílọ̀ díẹ̀ sí i. Ó da fúláwà sínú ọpọ́n, ó gé bọ́tà lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ra á. Orí ìka nìkan o. Àtẹ́lẹwọ́ gbóná, bọ́tà á yọ́, á di kókó. Bó ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nìyẹn: ẹ ra á, ẹ má pò ó, títí á fi rí bí gàrí Ìjẹ̀bú. Ó ra á títí ó fi rí bí gàrí Ìjẹ̀bú. Ó da ṣúgà sí i, ó bù ú lé èso lórí, ó tì í sínú ófùn. Lọ́jọ́ náà, kò tan rédíò rárá.

Ó wẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá tó mọ́, ó pa páúdà sí ọrùn. Ó kó abọ́ tánganran tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó wọn jáde, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Kúrọ́mbù jinná, ó pọ́n, omi mángòrò ń hó jáde ní etí abọ́. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó. Ó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé. Ìró mọ́tò kọjá, ó dìde, ó tún jókòó. Ó gbé kúrọ́mbù padà sínú ófùn kó má bàa tutù. Ó gbé e jáde kó má bàa jóná. Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí Yúnúsà kan ilẹ̀kùn.

"Mama, àwọn ará iwájú ti ń gbé mọ́tò jáde o."

Ó sáré jáde débi pé sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Elkanah ti ń fi mọ́tò bọ́ sí títì. Ọmọ wọn wà lẹ́yìn, Yẹ́misí wà níwájú nínú léèsì, ó wé gèlè. Ó rí Mummy Jeffrey, ó yí gíláàsì sílẹ̀.

"Mummy, ẹ kú ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ o! Ìṣẹ̀rì Olówórá là ń lọ. Ẹ̀gbọ́n Daddy Success ló ń ṣí ilé."

Mummy Jeffrey dúró. Ó wo gèlè, ó wo gíláàsì. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti jinná. Ẹ wá jẹun o."

Yẹ́misí rẹ́rìn-ín tó dára. "Háà, Mummy wa! Á gba ibi ire o!"

Gíláàsì ti ń gòkè nígbà tí Mummy Jeffrey fi ọwọ́ dì í mú.

"Yẹ́misí." Kò tíì pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Kì í ṣe kíkí ni mo kí ẹ. Pípè ni mo pè ẹ́."

Ẹ wo ọ̀ràn! Kí lèèyàn fẹ́ fi dá irú rẹ̀ lóhùn? Kò sí ìyá tó kọ́ ọmọ rẹ̀ lésì èyí. Elkanah tẹjú mọ́ ọwọ́ ìdarí mọ́tò.

"O ní ẹ ti dé," ni Mummy Jeffrey wí. "Lọ́jọ́ tó o ń lọ síbi iṣẹ́. O ní ẹ ti dé."

"Mo ní a ti dé, mà. Mo rò pé…" Kò lè parí ẹ̀. Ta ló máa sọ fún àgbàlagbà pé mo rò pé ẹ kàn ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é ni? Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. "Daddy Success, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí díẹ̀."

Ó wọlé. Ó jókòó sí etí àga, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Mummy Jeffrey bu kúrọ́mbù fún un, ó bù ú kún abọ́. Kò bu tirẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ò fi gbélẹ̀: ó ń sún omi mọ́ ọn, ó ń sún ṣíbí mọ́ ọn.

"Ó dùn gan-an ni, Mummy," Yẹ́misí wí.

"Ó dùn?"

"Ó dùn, mà."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí Mummy Jeffrey fẹ́ bá ènìyàn sọ. Ó fẹ́ sọ ti ìkòkò yanrìn ní Kétu. Ó fẹ́ sọ bí Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan ṣe máa ń jẹ òkè kúrọ́mbù nìkan tí á fi èso sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ilé yìí tóbi jù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dé ètè rẹ̀ ló ń di nǹkan mìíràn.

"Success ńkọ́ níléèwé?"

"Ó ń ṣe dáadáa, mà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà."

Mummy Jeffrey wá rí i pé Yẹ́misí ń yára jẹun, ó ń gbé e mì láìrún un, bí ọmọ tí wọ́n ní bí kò bá jẹ ẹ́ tán kò ní lọ ṣeré. Ó rí i pé ojú rẹ̀ ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé òun fi agbára mú ọmọ ọlọ́mọ jókòó ni, ojú sì tì í. Kò ní lè pè é mọ́ láyé. Elkanah fọn fèrè mọ́tò níta, ó rọra fọn ọ́n. Yẹ́misí kó èyí tó kù sẹ́nu, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. A ó tún wá."

"Ilé yín nìyí," Mummy Jeffrey dáhùn. "Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín kú oríire."

Òun náà ti padà sí ohùn tí gbogbo ayé mọ̀. Ó sìn ín dé géètì, ó juwọ́ sí ọmọ náà. Nígbà tó padà wọlé, ó bu tirẹ̀ sínú abọ́. Ó ti tutù, òkè rẹ̀ ti rọ̀. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Lálẹ́, fóònù dún. Jeffrey ni. Ibi tó wà ń pariwo.

"Mummy, àlejò yín wá?"

"Ó wá."

"Ó jẹ kúrọ́mbù yẹn?"

"Ó jẹ ẹ́ tán."

"Ó dùn, àbí?"

"Ó dùn," ni Mummy Jeffrey wí. "Ó dùn mí, Jeffrey."

Nẹ́tíwọ̀kì já, ó tún padà. "Hẹ́lò? Mummy? Mi ò gbọ́ o. Kí lẹ ní?"

"Mo ní ó dùn."