Ẹni Tó Gbe Àlọ́ Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Ìrètí

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, ó sì ti pẹ́. Ohun tí n kò bá rí ẹlẹ́rìí sí, n kì í kọ ọ́. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà fún ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí: èmi, àti ọmọbìnrin kékeré kan tí mo sọ di òpùrọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mò ń ṣe ìwádìí nípa àwọn fíìmù ọmọdé tí ohun abanilẹ́rù inú wọn pọ̀ jù: ṣé wọ́n ń dẹ́rù ba ọmọ ni, àbí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìgboyà? Ìyá Ìrètí, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí n wá sílé òun ní Beam Park, nílùú òyìnbó níbí.

"Bọ̀dá, ẹ wá wo tèmi. Láti ìgbà tó ti wo fíìmù kan báyìí, ó ní ẹnì kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òun. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn, ó ń ta mí nípàá bí ẹṣin!"

Mo rẹ́rìn-ín. "Àlọ́ tí wọ́n pa fún wa nílé burú ju fíìmù yẹn lọ. Iwin ń gbé ọmọ mì níbẹ̀! A gbọ́ ọ, a sì sùn."

"Ẹ̀yin oníròyìn! Ẹ pa á fún un, ká wò ó."

Ó lọ din dòdò ní kíṣìnì. Èmi àti Ìrètí jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú yàrá rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé ni.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ìyá àgbà mi kò jẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ni, tí ilẹ̀ ń tètè ṣú níhìn-ín; ó ti ṣú biribiri lójú fèrèsé. Mo fi òkùnkùn ìlú òyìnbó ṣe alẹ́ ilé wa.

"Bí mo bá ní Ààlọ́ o, ìwọ á ní Ààlọ̀."

"Okay, Uncle."

"Ààlọ́ o!"

Ìrètí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lanu ni. Ohùn kan ti dáhùn láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ààlọ̀."

Kò pariwo. Ó fà á gùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti ń retí àlọ́ tipẹ́. Kì í ṣe ohùn ọmọdé.

Orí mi wú. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mira. Ó tẹjú mọ́ mi, ojú rẹ̀ ń dán. Ẹ má rò pé ẹ̀rù ni o. Ayọ̀ ni.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Uncle, ẹ gbọ́ ọ. You heard him."

Gbogbo ohun tó ń fẹ́ kò ju kí àgbà kan sọ pé òun gbọ́ lọ.

Ìyá rẹ̀ yọjú. "Kí lẹ gbọ́?"

Mo wo kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò ó wò: àgbà oníròyìn bíi tèmi, kí n wá ní kọ́bọ́ọ̀dù fọhùn! Mo ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan. Fíìmù yẹn ló ṣì ń dà á láàmú."

"Uncle!"

"Ìrètí, irọ́ kò dáa," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà yí ẹ̀yìn padà. Èmi ló kọ ẹ̀yìn sí o, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù.

N kò pa àlọ́ náà mọ́. N kò dúró jẹ dòdò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ pè mí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Bọ̀dá, ẹ ṣeun! Ó ti padà sí yàrá rẹ̀. Kò sọ ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Àlọ́ yín ló ń pa ṣáá, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Àlọ́ wo? N kò pa ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ."

"Ẹn-ẹ́n? Ó mọ̀ ọ́n tán o, torin-torin. Èdè Èkìtì ló tún fi ń pa á! Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?"

Ìjẹ̀bú ni mí. Èkó ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀.

Àyè tún yọ fún mi láti sọ òótọ́. Ẹnu mi ló ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni."

Ẹ̀yin òbí, ti fíìmù kọ́ ni mo ń sọ. Bí ọmọ bá bi yín pé ṣé ẹ gbọ́, tí ẹ sì gbọ́, ẹ sọ pé ẹ gbọ́. Bí ẹ bá kọ̀ láti gba ọmọ gbọ́, ẹlòmíràn wà nítòsí tí yóò gbà á gbọ́.