Eegun Tí Filomẹ̀nì Gbé Kọ́ Mi Lọ́rùn

Filomẹ̀nì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Pobẹ̀ lóṣù tó kọjá. Òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ti gbàgbé.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Sakété nígbà tí a wà lọ́mọdé, èèwọ̀ ni kí ọmọ sọ Yorùbá. Faransé nìkan! Eegun màlúù kan wà tí wọ́n so mọ́ okùn, sínyáàlì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n máa gbé e kọ́. Kò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ àfi bí òun náà bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ mìíràn, kó wá gbé e fún onítọ̀hún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá dún, ẹgba ni!

Òùngbẹ ń gbẹ mí lọ́jọ́ kan. Mo fi Yorùbá ní kí ọ̀rẹ́ mi bu omi fún mi. Kí n tó pa ẹnu dé, Filomẹ̀nì ti yọ lẹ́yìn mi. Ó fa eegun náà jáde lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn.

"Ọmọ Agidi! Elédè oko!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, torí Agidi ni abúlé wa. Ọmọ nọ́ọ̀sì ni Filomẹ̀nì, Faransé ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Èmi rò pé olùkọ́ ló fi eegun náà sí i lọ́wọ́ kó máa fi ṣọ́ wa. Agogo dún, mo jẹ ẹgba méjìlá.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí a ti jọ ń gbé ìlú kan náà. Bí mo bá kí i pé ó kú àárọ̀, "bọ̀ǹjúù" ti Faransé ló máa fi dá mi lóhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjà, níbi òkú ìyá mi pàápàá. Bọ̀ǹjúù!

Èmi náà di olùkọ́ obìnrin, mẹtirẹ́sì ni wọ́n ń pè wá. Mo kọ́ ọmọ ní Faransé títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì gbé eegun kọ́ ọmọ kankan lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, tí mo kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé Pobẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti Kútọnu, wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè wa. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú pọ́tábù, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní fóònù, ti mọ Yorùbá àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàdàn dáadáa. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ ìlú Takọn lọ́dọ̀ wa bá a sọ̀rọ̀, nǹkan mìíràn ló máa kọ sílẹ̀! Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba ohùn wa jọ.

Wọ́n á fi àwòrán han èèyàn, á sọ ohun tó rí. Ẹlòmíràn á wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á gbọ́ ọ. Bó bá dáa, kó tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Bí Faransé bá wọnú rẹ̀, kó tẹ pupa. Ẹni tó bá gba pupa mẹ́wàá, wọ́n á pa gbogbo ohùn rẹ̀ rẹ́.

Èmi ni wọ́n fi jókòó sídìí bọ́tìnnì. Èmi ọmọ Agidi!

Lọ́jọ́ kẹta, ohùn kan dé. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kì í mọ ohùn ọ̀tá rẹ̀? Àwòrán àwọn obìnrin tó ń se epo pupa ni wọ́n fi hàn án. Ó ní àwọn madáàmù yìí ń pirẹpárè epo. Pupa! Mo tẹ̀ ẹ́, ó dùn mọ́ mi bí ẹni ń jẹ ìrèké. Òmíràn dé, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "vuwalà". Pupa! Ẹ má purọ́ mọ́ mi o, gbogbo rẹ̀ ló yẹ fún pupa. Òfin ni. Mo kà á, ó pé mẹ́sàn-án.

Rafíátù, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wọn, wá bá mi. Ó ní ìyá àgbà tó ni ohùn yẹn ń gun alùpùpù wá láti Sakété lójoojúmọ́, ìyá náà sì ti sọ pé ohùn ìyá òun ti bá ikú lọ, òun ò fẹ́ kí tòun náà lọ.

"Ìyá Mẹtirẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ fún un."

Mo ní mi ò fún ọmọ ẹnikẹ́ni ní máàkì ọ̀fẹ́ rí.

Ẹ̀kẹwàá dé. Àwòrán ọmọ kan nídìí ẹ̀rọ omi. Filomẹ̀nì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà: òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ kó bu omi fún un.

Faransé kankan ò sí níbẹ̀. Ẹyọ kan pàápàá ò sí!

Ìka mi wà lórí pupa. Ta ló máa rí mi? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ á sì parẹ́ pátápátá.

Mo tẹ àwọ̀ ewé. Kì í ṣe àánú o! Ọmọ tó bá yege, mi ò jẹ́ kó fìdí rẹmi rí, mi ò sì ní torí Filomẹ̀nì ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Mo wá jáde lọ bá a níwájú ilé níbi tó jókòó sí. Mo sọ fún un pé èmi ni mo tẹ pupa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, tayọ̀tayọ̀ sì ni. Mo rán an létí eegun ọjọ́sí. Mò ń retí bọ̀ǹjúù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: ẹ lọ gbé ohùn yín fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí nígbà tí ẹ ṣì ní in, kí wọ́n má baà kọ́ èdè wa láìsí wa níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì fún ní bọ́tìnnì pupa, kó ṣọ́ ìka rẹ̀. Ní ti ìdáríjì, ẹ má bẹ̀ mí, mo ṣì ń rò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé sínyáàlì kọ́rùn rí, tàbí tí ìyá yín sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ta ló gbé e kọ́ yín? Àmọ́ kí ẹ tó bú onítọ̀hún, ẹ gbọ́ ohun tí Filomẹ̀nì fi Yorùbá Sakété sọ fún mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa:

"Olùkọ́ kọ́ ló fún mi ní eegun yẹn, ìwọ ọmọ Agidi. Kí n tó gbé e kọ́ ọ, ọrùn ta lo rò pé ó wà?"